Orúkọ Tí Ìyàwó Kò Lè Pè

Òórùn méjì ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn dókítà wa ní Òmù-Àrán láràárọ̀: òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀, àti òórùn iṣu sísun. Ti dókítà ni àkọ́kọ́, ti àwọn aláìsàn ni èkejì. Ẹni tó bá ti Agbamu tàbí Èsìẹ́ wọkọ̀ wá, tó ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kò ní ṣàì mú iṣu sísun dání, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò kàn án. Wọn a jókòó sórí bẹ́ńṣì méjèèjì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn a máa bó iṣu, wọn a máa bù fún ara wọn, wọn a sì máa ro àìsàn wọn fún ara wọn bí ẹni ń ro ìròyìn ìlú. Èmi ni mo wà lẹ́yìn fèrèsé kékeré tó dojú kọ wọ́n. Iṣẹ́ mi ni kí n béèrè orúkọ, kí n wá kádì, kí n sì pe ènìyàn wọlé nígbà tó bá kàn án. Àǹtí Kádì ni wọ́n ń pè mí. Mo fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Ìgbà owó epo ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá ni. Èsì mi kò dára tó láti gbé mi dé yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ni kò burú tó láti jẹ́ kí n gbà pé ọgbọ́n mi kò pọ̀. Ọkàn mi wà ní Èkó, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ṣiṣẹ́ báǹkì, ṣùgbọ́n bàbá mi ní ọmọbìnrin òun kò ní lọ máa bá ẹni tí òun kò mọ̀ gbé yàrá kan náà. Ìyá mi ló lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, dókítà sì gbà mí. Bí mo ṣe bọ́ sí ẹ̀yìn fèrèsé nìyẹn o, tí mo sì pinnu pé gbogbo Ìgbómìnà ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mo kàwé. Mo ra bàtà gíga kan tó gbé mi ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà mẹ́ta. Mo fi báírò há etí. Bí àwọn ìyá bá fi èdè ilé wa bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá inú ìwé ni mo fi ń dá wọn lóhùn, àfi bí ẹni pé Èkó ni wọ́n bí mi sí. Ìyá àgbà kan wò mí títí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí èmi ni mo wẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ?" Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti dókítà ná. Ọmọ ìlú ni. Ó kàwé dé òkè òkun, ó sì padà wálé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́lé sí Èkó àti Kàdúná. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó bímọ, ó mọ ẹni tó ṣòfò, ó mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti lọ sí ìdálẹ̀ láti ọdún méjì tí kò kọ lẹ́tà wálé. Bí àgbẹ̀ bá wọlé tọ̀ ọ́, iṣu ni yóò kọ́kọ́ béèrè kó tó béèrè ibi tó ń dùn ún. Èbè mélòó lẹ kọ lọ́dún yìí? Ta ló bá yín kọ ọ́? Lójú tèmi, ó ń fi àkókò ṣòfò ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ìdáhùn ọ̀rọ̀ iṣu ló fi ń mọ̀ bóyá ọkùnrin náà ṣì lè gbé ọkọ́.

Òun ló dá ètò àpò ilé sílẹ̀. Kò to kádì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ọsibítù ìjọba ṣe ń ṣe. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àpò ìwé ńlá kan tí a kọ orúkọ ilé náà sí lára, kádì bàbá, ti ìyá, ti ọmọ, ti ìyàwó tuntun, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àpò náà. Ó ní ohun tó bá bàbá jà lónìí lè bá ọmọ jà lọ́la, òun sì fẹ́ máa rí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan. Oògùn tí ara ẹnì kan bá kọ̀, báírò pupa ni yóò fi kọ ọ́ sókè kádì onítọ̀hún gàdàgbà. Ìyá kan láti Èsìẹ́ sọ fún mi pé bí dókítà bá ti tú àpò ilé wọn sórí tábìlì, ńṣe ló máa ń ṣe òun bí ẹni pé gbogbo ẹbí òun ló tẹ̀lé òun wá. Mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, nítorí pé ìyá náà nìkan ló wá ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà, ìròyìn tó gbà kò sì dára, síbẹ̀ kò sunkún.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló yìn ín o. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni ẹ̀sùn tó pọ̀ jù. Nígbà náà, ẹni tó bá lọ rí dókítà tí wọn kò gún un lábẹ́rẹ́, lójú rẹ̀, kò tíì lọ. Ìyá kan fìbínú jáde lọ́jọ́ kan, ó ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé òun wọkọ̀ wá láti Àjàṣẹ́-Ìpo, okùn rọ́bà lásán ni dókítà gbé lé òun láyà, ó wá ní kí òun máa mu omi dáadáa. "Ṣé omi ló tán ní Àjàṣẹ́ ni?" Dókítà gbọ́ láti inú yàrá, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. Àwọn ọlọ́kọ̀ ńlá tó ń ti Èkó wálé nígbà Àjíǹde tàbí Iléyá náà kò fẹ́ràn ètò rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá tí ọkọ̀ lè fi sílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tó bá ṣáájú dé. Dókítà kò ṣe ti agbádá. Èmi ni mo ń bá wọn ṣe é. Bí ọ̀gá kan bá ti kí mi ní gẹ̀ẹ́sì, tó sì yin irun mi, mo ti sún kádì rẹ̀ sókè nìyẹn. Dókítà ká mi mọ́ ọn nígbà méjì. Ó ní, "Ọmọ mi, ìdí fèrèsé tìrẹ ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ba ọkàn wọn jẹ́ níbẹ̀, kí lo fẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ ṣe?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." N kò ronú kàn án mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Nígbà tó yá, ayé yí. Owó epo tí a rò pé kò lè tán, àfi bíi kó má sí rí. Àwọn tíṣà ń ṣiṣẹ́ oṣù méjì mẹ́ta láìgbowó, wàrà àti ṣúgà di ohun tí à ń tò fún, oògùn wọ́n ju wàrà lọ. Dókítà ọ̀dọ́ tó ń wá ràn án lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ gba ìlú Sáúdí lọ, kò padà wá. Ọsibítù ìjọba kò ní nǹkan kan mọ́ ju ibùsùn lọ, gbogbo ayé sì wá dà sọ́dọ̀ wa. Gbogbo Ọjọ́rú ni dókítà ń lọ sí Ìlọrin láti wá oògùn kiri, yóò padà dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú páálí kékeré kan lẹ́yìn ọkọ̀. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà ló ń dá ilé ìwòsàn ṣe. Obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá ni, tí kì í ṣe ohun tí kò bá sí nínú kádì.

Bí àwọn ènìyàn ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹnu mi ń le sí i. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́, láti aago méje àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni mo ń jókòó sórí àga kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àárẹ̀ nìkan. Mo ti gbádùn kí àgbàlagbà máa wolẹ̀ níwájú mi. "Ẹ sọ̀rọ̀ kíá, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ wà níbí." "Ṣé ẹ tún ti dé?" "Ẹ lọ jókòó." Mo sọ "ẹ lọ jókòó" tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé àdúgbò fi ń fi ohùn mi ṣe eré ní ìta. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣe é kó. Èmi ń sọ ẹyin lulẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, n kò sì wolẹ̀ wo ohun tó fọ́.

Ọjọ́rú kan báyìí, ọkọ̀ Agbamu já àwọn èrò sílẹ̀, obìnrin kan sì gbé ọwọ́ bàbá arúgbó kan kọ́ ọrùn, ó ń fà á bọ̀. Obìnrin náà kò lè fi ju ọdún mẹ́ta lọ dàgbà jù mí. Ìyàwó ọmọ bàbá náà ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọkọ́ ló ṣá bàbá lẹ́sẹ̀ lóko ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ewé dí i, ẹsẹ̀ wú, ibà sì mú un débi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. Obìnrin náà tẹ́ ẹ sórí bẹ́ńṣì, ó fi ìborùn rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí fún un, ó wá sídìí fèrèsé. Ó dárúkọ agbo ilé wọn, mo fa àpò ilé náà yọ.

"Ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

"Bàbá wa ni."

"Kí lorúkọ bàbá yín?"

Ó wolẹ̀. "Bàbá ọkọ mi ni, Àǹtí."

"Mi ò béèrè ìyẹn. Orúkọ ni mo béèrè."

Ẹni tó bá mọ ilé wa mọ ohun tó ń ṣe é. Ìyàwó kì í pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀. Kì í pe ti àbúrò bàbá ọkọ, kì í tilẹ̀ pe ti ọmọdé tó bá nílé ọkọ. Orúkọ ọ̀wọ̀ ni yóò fún kálukú. Nínú àwọn agbo ilé tí wọn kò tíì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àṣà, bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ pe orúkọ náà létí rẹ̀, ńṣe ni yóò kúnlẹ̀, bí ẹni pé bàbá fúnra rẹ̀ ló yọ sí i. Èmi náà mọ̀. Ìyá mi tó bí mi kò pe orúkọ bàbá bàbá mi rí títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo wo obìnrin yìí bí ará oko, mo sì fẹ́ kí àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì rí i pé èmi kì í ṣe ará oko.

"Ilé ìwòsàn nibí, kì í ṣe ilé ọkọ yín," mo wí sókè. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Ó ní, "Ọkọ mi àgbà la ń pè wọ́n." Mo pòṣé. Mo wo inú àpò, mo fa kádì kan yọ, mo ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀ sókè. Ó kúnlẹ̀. Lójú tèmi, "bẹ́ẹ̀ ni" ló fi ìkúnlẹ̀ wí. Mo ti kádì náà sínú yàrá nọ́ọ̀sì, mo sì kọjú sí ẹlòmíràn.

Nọ́ọ̀sì àgbà wo kádì, kò rí báírò pupa kankan níbẹ̀. Ó fọ ojú egbò, ó gún bàbá ní abẹ́rẹ́ pẹnisílínì, bó ṣe yẹ kó ṣe fún irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara. Ètè rẹ̀ wú. Èémí rẹ̀ ń dún fíì fíì bí ẹni ń fẹ́ iná tí kò ràn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ké igbe kan tí n kò gbàgbé dòní. Nọ́ọ̀sì sáré kúnlẹ̀ tì í, ó gún un ní abẹ́rẹ́ mìíràn tí wọ́n ń tọ́jú sínú àpótí fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ń pè é ní bàbá, bàbá, bàbá. Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù nínú abẹ́rẹ́ náà nìyẹn. Nígbà tí èémí bàbá rọlẹ̀, nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó ní kí n gbé àpò ilé náà wá. Kádì àgbàlagbà ọkùnrin méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo fà yọ jẹ́ ti àbúrò bàbá, ẹni tó wá wo ojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Lórí èkejì, báírò pupa wà níbẹ̀ gàdàgbà.

Bàbá kò kú. Ní ìrọ̀lẹ́, dókítà padà dé láti Ìlọrin, ó to kádì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó pè mí. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó wọn ni, sà. Mo ka orúkọ sí i létí, ó kúnlẹ̀ pé òun ni." Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ tán, kì í sì í ṣe òótọ́. Ó kó kádì méjèèjì padà sínú àpò. Èmi wá rò pé mo ti bọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì gbọ́ ohun tí mo wí, ọkọ̀ Agbamu sì gbé ọ̀rọ̀ náà délé kí bàbá tó délé. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin, ìyá kan láti Agbamu jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rò ó fún ẹnì kejì rẹ̀ bí ó ti ń bó iṣu. Ó ní ẹsẹ̀ bàbá ti ń jiná, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin yẹn, ọmọbìnrin bàbá, ti fàáké kọ́rí pé ẹni tó fi bàbá àwọn lé ikú lọ́wọ́ kò ní sùn nílé àwọn mọ́. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ ní Èkó. Obìnrin náà ti ń di ẹrù, yóò padà sílé bàbá rẹ̀ ní Èsìẹ́. Ìyá náà mi orí, ó ní, "Ọmọ tí kò tíì bí ju ẹyọ kan lọ." Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn fèrèsé. Ọwọ́ mi ń to kádì, n kò mọ ohun tí mo ń tò. Mo ń sọ fún ara mi pé ó ṣáà kúnlẹ̀, pé èmi kọ́ ni mo dá àṣà wọn sílẹ̀.

Dókítà náà gbọ́. Ó jáde láàárín àwọn aláìsàn, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní wákàtí díẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò dá wọn lóhùn. Ó ní, "Pa fèrèsé dé. A ń lọ sí Agbamu."

Dókítà wa ọkọ̀ kọjá ẹ̀yìn ìlú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí ó ti rí gan-an lo sọ fún mi?"

"Ó kúnlẹ̀, sà."

"N kò béèrè bóyá ó kúnlẹ̀."

Mo wo ìta.

A bá àwọn àgbà ilé náà ní pálọ̀, wọ́n ti gbọ́ ìró ọkọ̀. Bàbá wà lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí, báńdéèjì funfun yí i ká. Ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin náà jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dijú mágbárí. Ìyàwó ọ̀hún dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù tí a fi aṣọ dì sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé dókítà yóò jókòó, yóò fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣàlàyé. Ohun tó ṣe ni pé ó na gbalaja sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. "Ẹ̀ṣẹ̀ ilé ìwòsàn mi ni," ó ní. "Kì í ṣe ti ìyàwó yín. Ìgbà tí mo kúrò nílé, iṣẹ́ mi ni kí n rí i pé ẹni tó bá dé bá ojú rere àti ìṣọ́ra. Kò bá a."

Gbogbo wọn dìde. "Dókítà, ẹ dìde! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Wọ́n ń fà á lọ́wọ́, kò dìde. Bí ẹni tó gbà mí síṣẹ́ bá dojú bolẹ̀ nítorí mi, orí kí ni mo fẹ́ gbé sókè? Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni. Mo rí i pé kádì bàbá méjì ló wà nínú àpò. Mo rí i kí n tó ka orúkọ sí i létí. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo kà, nítorí mo fẹ́ kí ó tètè kúrò níwájú mi." N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí mo ti sọ ọ́ tán, ẹkún gbà mí lẹ́nu.

Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò bá mi wí, kò sì bá dókítà wí. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó mi, sún mọ́ ibí. Mo fún ọ láṣẹ níwájú gbogbo ilé. Pe orúkọ mi."

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Gbogbo wa ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó fa etí ìró rẹ̀ bojú, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Bàbá bú sẹ́rìn-ín tó fi ń wúkọ́. Ó ní, "Ẹ rí i bí? Mo fún un láṣẹ o! Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún mi tó báyìí lẹ ní ó fẹ́ pa mí? Ó gbé mi kọ́ ọrùn láti ibùdókọ̀. Ta nínú yín ló gbé mi?" Ó yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀. "Tú ẹrù yẹn. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o tú u." Ẹ̀gbọ́n ọkọ dìde, ojú rẹ̀ ò sunwọ̀n, ṣùgbọ́n ó tẹríba, ó sì tú u.

Wọ́n fún wa ní iṣu. Ìyàwó náà ló sìn wá dé ìdí ọkọ̀, iṣu lórí rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Bí dókítà ti ń bá àwọn ọkùnrin dágbére, mo sún mọ́ obìnrin náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ìkúnlẹ̀ yín ló ṣì mí lọ́nà. Ẹ̀yin náà kò kúkú mọ̀ pé orúkọ tí mo kà kọ́ ni."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

Mo wò ó.

"Orúkọ bàbá kékeré lẹ pè. Bàbá ni àwọn náà jẹ́ sí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi kúnlẹ̀. Nígbà tí n ó fi dìde láti sọ fún yín pé àwọn kọ́, ẹ ti ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Mo tún padà wá. Ẹ ní, ṣé mo tún ti dé? Ẹ ní kí n lọ jókòó."

N kò rántí. Mo wá inú mi títí, n kò rántí pé ó padà wá. "Ẹ lọ jókòó" ti di ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ènìyàn, n kì í wo ojú ẹni tí mo bá sọ ọ́ sí mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún nọ́ọ̀sì? Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ níwájú àwọn ará ilé yín, nígbà tí wọ́n ní kí ẹ dẹrù?"

Ó gbé iṣu náà sínú búùtù ọkọ̀, ó tò ó dáadáa. "Mo rò pé bóyá ìwé yín mọ̀ jù mí lọ ni. Ti àwọn ará ilé, kí ni n bá sọ fún wọn? Pé mo mọ̀, mo dákẹ́? Pé ẹ̀rù ẹnu ọmọdébìnrin kan bà mí ju ẹ̀rù ikú bàbá lọ?" Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó sì padà sílé.

Dókítà kò lé mi níṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n gbé àga mi kúrò lẹ́yìn fèrèsé, kí n máa jókòó sórí bẹ́ńṣì ti àwọn aláìsàn, kí n máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ní ìjókòó. Mo kọ́kọ́ rò pé ìjìyà ni. Orí bẹ́ńṣì yẹn ni mo ti wá mọ̀ bí fèrèsé mi ti ga tó lójú ẹni tó bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Bí ìyàwó bá mú àna rẹ̀ wá, n ó gbé kádì gbogbo ilé sórí ẹsẹ̀ mi, n ó máa kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún un, n ó sì dúró. Àwọn kan ń pẹ́. Mo kọ́ bí a ti ń dúró de ènìyàn níbẹ̀, ó sì ṣòro fún mi ju ìwé mẹ́wàá lọ.

Dókítà ti fi ayé sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, ilé ìwòsàn náà ti di ibi tí wọ́n ń ta símẹ́ńtì. Èmi náà ti di ẹni tó ń fi ọwọ́ di ìbàdí jókòó de dókítà ní Ìlọrin, tí ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà sì ń pè ní "Mama" láìgbójú sókè. Nígbà tí àwa tó mọ ìgbà yẹn bá pàdé, oore dókítà ni wọ́n ń rò, bó ṣe mọ orúkọ ọmọ wọn, bó ṣe ń béèrè iṣu wọn. Wọn kì í mẹ́nu ba tèmi, mo sì mọ̀ pé ojú àánú ni wọ́n fi ń wò mí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ ìtàn bàbá Agbamu fún àwọn ọmọ mi gẹ́gẹ́ bí ìtàn àṣà àtijọ́ tó fẹ́ pa ènìyàn. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí ìyàwó tí kò lè pe orúkọ. Mo ń jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí ó rọrùn fún mi bẹ́ẹ̀. Àgbà ti wá dé sí mi báyìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ti rí. Àṣà kò di obìnrin yẹn lẹ́nu. Ó mọ òótọ́, ó gbé e wá sídìí fèrèsé mi lẹ́ẹ̀mejì, èmi ni mo ní kó lọ jókòó.